Àgò o, Amiga

Wáyà mẹ́ta ló tó. Ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ tó ń lọ, ọ̀kan fún èyí tó ń bọ̀, ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ tí ẹ̀rọ méjèèjì jọ fẹsẹ̀ tẹ̀. Bí mẹ́ta yìí bá wà níbi tó yẹ kí wọ́n wà, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ní 1982 á bá èyí tí wọ́n ṣe ní 1995 sọ̀rọ̀, bí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n tilẹ̀ ń bá ara wọn jà, bí dísíìkì ọ̀kan kò tilẹ̀ ṣeé kà nínú èkejì. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń fi irú wáyà yìí kó fáìlì láti ara ẹ̀rọ àtijọ́ kan sí òmíràn. Àwọn tó mọ̀ mí ti bi mí títí pé kí ni mò ń wá nídìí ẹrù tí ayé ti kọ̀ sílẹ̀, ó sì ti sú wọn. Ẹ jẹ́ kí n dá wọn lóhùn níbí.

Èyí tó gbà mí lákòókò jù ni Amiga 500 àǹtí mi, àbúrò màmá mi tó ń gbé ní Peckham. Ilé iṣẹ́ Commodore gbé kọ̀ǹpútà Amiga 500 jáde ní 1987, eré orí kọ̀ǹpútà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi mọ̀ ọ́n. Nítorí eré náà ni wọ́n ṣe rà á fún àwọn ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ti sùn, àǹtí mi á jókòó sídìí rẹ̀. Wọ́n á tẹ lẹ́tà sí àwọn ará ilé, wọ́n á tẹ ohun tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn sọ nípàdé, wọ́n á tẹ àkọsílẹ̀ èésú: ta ló ti dá, ta ni kò tíì dá, ta ló kàn láti kó o. Gbogbo rẹ̀ wà lórí dísíìkì nínú àpótí bàtà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó kúrò nínú ilé yẹn, wọ́n bi mí bóyá ohun tó wà nínú wọn ṣì ṣeé rí.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé kí n ki dísíìkì náà bọ inú kọ̀ǹpútà Windows tó bá ní ojú dísíìkì. Lóòótọ́, ike kan náà ni, ínṣì mẹ́ta àti ààbọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan sórí rẹ̀ ló yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà IBM àti àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn tó ń lo Windows, máa ń pín ìlà kọ̀ọ̀kan sí ègé, wọ́n á sì fi àlàfo sáàárín ègé kan àti èkejì. Amiga ní tirẹ̀ máa ń kọ odindi ìlà lẹ́ẹ̀kan náà, ègé 11 láìfi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ìlà 80, ojú méjì, ègé 11, báìtì 512 nínú ègé kan (báìtì kan ni àyè lẹ́tà kan): 901,120 báìtì lórí dísíìkì tí tọ̀hún ń rí 720 K péré kọ sí. Ó dára fún ẹni tó ni Amiga. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń ka dísíìkì nínú kọ̀ǹpútà IBM á wá àmì tirẹ̀ tì, á wá ní dísíìkì náà ò tíì gba ìmúrasílẹ̀, ṣé kí òun bá yín pa á rẹ́ kí òun tún un ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn.

Amiga fúnra rẹ̀ lè ka dísíìkì ti IBM bí a bá fún un ní ètò tó yẹ. Láti Workbench 2.1 (Workbench ni ètò ìpìlẹ̀ tí Amiga ń lò), tó jáde ní 1992, ni wọ́n ti ń fi ètò CrossDOS sínú rẹ̀. Ti àǹtí mi, Workbench 1.3 ni. Bákan náà, àwọn kan á ní kí n ra Greaseweazle, bọ́ọ̀dù kékeré tí Keir Fraser ṣe, tó ń wo agbára òòfà orí dísíìkì gan-an láìbìkítà irú ẹ̀rọ tó kọ ọ́. Ohun dáadáa ni, mo ní in, òun ni mo sì ń lò bí dísíìkì bá ti hu èèpá. Ṣùgbọ́n dísíìkì nìkan ló mọ̀. Kò mọ Amiga. Èmi sì fẹ́ kí Amiga, tó ṣì ń tàn, tó ṣì ń dáhùn, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ohun tí wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ jáde.

Ìlànà tí wáyà yìí ń tẹ̀ lé ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ní kọ̀ǹpútà nílé. Ní 1960 ni wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní RS-232, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ̀nà jíjìn lè bá mọ́dẹ́mù, ẹ̀rọ tó ń mú ọ̀rọ̀ gba orí wáyà tẹlifóònù, sọ̀rọ̀. Fóltì tó bá wà nísàlẹ̀ òdo, láti 3 dé 15, ó dúró fún 1; èyí tó bá wà lókè òdo dúró fún 0. Ó dà bíi pé wọ́n yí i po, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀, wáyà á dúró sísàlẹ̀ òdo. Bí ẹ̀rọ bá fẹ́ fi àmì kan ránṣẹ́, á gbé fóltì sókè díẹ̀ láti ta èkejì jí, bíìtì mẹ́jọ (1 tàbí 0 ni bíìtì kọ̀ọ̀kan) á tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdákẹ́ kan á sì parí rẹ̀. Mẹ́wàá lápapọ̀. Kò sí aago kankan láàárín wọn. Kálukú ló ń ka àkókò tirẹ̀, wọ́n kàn ti fohùn ṣọ̀kan ṣáájú lórí bí ọ̀rọ̀ á ṣe yá tó. Bí wọ́n bá fi í sí bíìtì 9600 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmì 960 ló ń kọjá. Lẹ́tà tí àmì inú rẹ̀ tó 4,000 kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin àti díẹ̀ lọ. Odindi dísíìkì Amiga á gba ìṣẹ́jú 15 ó lé. Bí ó bá jẹ́ 2400 ni, ẹ lọ se ẹ̀wà, ẹ ó bá a níbẹ̀. Ó ju wákàtí kan lọ.

Ti ìdí wáyà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò ṣọ́ra fún. Lára ojú ihò onípínnì 25, ọ̀rọ̀ ń gba pínnì 2 jáde, ó ń gba 3 wọlé, 7 ni ilẹ̀. Nígbà tí IBM ṣe PC/AT ní 1984, wọ́n dín pínnì náà kù sí 9, wọ́n wá fi 2 gba ọ̀rọ̀ wọlé, wọ́n fi 3 sọ ọ́ jáde, ilẹ̀ bọ́ sí 5. Kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, dandan ni kí ẹnu ọ̀kan kọjú sí etí èkejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́. Bí ẹ bá ń jó wáyà náà pọ̀ fúnra yín, tí lẹ́ẹ̀dì àti irin gbígbóná wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe so pínnì 25 pọ̀ mọ́ 25 kí ẹ ní ó ti parí. Amiga 500 ń ti iná fóltì 12 jáde láti pínnì 9 àti 10, ohùn orin pàápàá ń gba inú ojú ihò yẹn kọjá. Ohun tí ẹ bá nílò nìkan ni kí ẹ so.

Commodore 64 tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó mọ èdè RS-232, ṣùgbọ́n fóltì márùn-ún ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá ti 12 bọ̀ ọ́ lára á jó ọ̀kan nínú àwọn chip rẹ̀. Chip kékeré tó ń jẹ́ MAX232 ni wọ́n máa ń fi sáàárín. Kọ̀ǹpútà BBC Micro ti 1981 ní tirẹ̀, orí wáyà rẹ̀ rí bákan náà lókè àti nísàlẹ̀, ó ṣeé kì bọ̀ ọ́ ní ìdoríkodò láìsí ohun tó máa dí i lọ́wọ́. Ta ló gba irú èrò bẹ́ẹ̀ wọlé?

Wáyà mẹ́ta tó, ṣùgbọ́n márùn-ún dára jù. Méjì tó kù ni wọ́n ń pè ní RTS àti CTS, àgò ni wọ́n. Àlejò á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á ní “Àgò o!”, kò sì ní wọlé títí onílé á fi ní “Àgò yà.” Ìdí tí a fi nílò rẹ̀ ni pé chip tó ń gba ọ̀rọ̀ nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà IBM àtijọ́, 8250, báìtì kan ṣoṣo ló lè gbà mú. Bí kọ̀ǹpútà bá ń kọ nǹkan sórí dísíìkì lọ́wọ́ tí báìtì míì sì dé, èyí tó wà níbẹ̀ á ṣègbé, lẹ́tà á sì pàdánù ọ̀rọ̀ kan láàárín láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo. 16550A tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń gba 16 mú. Àwọn tí wáyà wọn ò ju mẹ́ta lọ máa ń fi àmì 19 (àmì kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀) sọ pé “dúró ná”, wọ́n á fi 17 sọ pé “máa bọ̀.” Ìyẹn kò burú fún lẹ́tà. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán tàbí ètò kọ̀ǹpútà, 19 lè jẹ́ ara ohun tí à ń kó, ẹni tó ń gbà á á gbọ́ ọ bí àṣẹ, á sì dúró síbẹ̀ bí òpó.

Ìmúrasílẹ̀ ni gbogbo èyí. Ohun tó mú mi nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ yìí nìyí: kí ẹ̀rọ kan tó lè gba fáìlì, ó gbọ́dọ̀ ní ètò tó mọ fáìlì í gbà. Ètò yẹn náà, fáìlì ni. Bá wo ló ṣe máa débẹ̀? Dísíìkì ò ṣeé lò, íntánẹ́ẹ̀tì kò sí, ilé ìtajà tó ń tà á ti kógbá wọlé. Ta ló máa dá àlejò àkọ́kọ́ lóhùn nígbà tí kò tíì sẹ́ni nínú ilé?

Ìdáhùn Amiga dùn mọ́ mi. Lójú rẹ̀, ojú ihò serial, èyí tí wáyà wa ń wọ̀, kò yàtọ̀ sí fáìlì. Orúkọ rẹ̀ ni SER:, RAM: sì ni ọpọlọ Amiga. Ẹ tẹ TYPE SER: TO RAM: kí ẹ fi orúkọ tó wù yín tì í, Amiga á máa kọ ohunkóhun tí wáyà bá gbé wá sínú fáìlì yẹn. Ọwọ́ ara yín lẹ máa fi dá a dúró, Ctrl àti C, torí wáyà kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ tán. Báyìí ni Amiga Explorer ti ilé iṣẹ́ Cloanto ṣe ń wọlé sára Amiga tí kò ní nǹkan kan nínú ju Workbench rẹ̀ lọ.

DOS, ètò ìpìlẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà IBM àtijọ́, ní tirẹ̀ gba ọ̀nà tó lágídí ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá tẹ CTTY COM1 (COM1 ni ojú ihò serial rẹ̀), kíbọ́ọ̀dù á kú mọ́ yín lọ́wọ́. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó wà ní ìkángun wáyà kejì ni kọ̀ǹpútà yẹn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Microsoft fi èyí ṣe ohun àrà nínú MS-DOS 6 ní 1993. Wọ́n fi ètò kan tó ń jẹ́ INTERSVR sínú rẹ̀. Bí ẹ bá pè é pẹ̀lú /RCOPY, á ní kí ẹ lọ tẹ ìlà méjì lára kọ̀ǹpútà kejì, ìlà MODE tó máa yan ìyára, àti CTTY, lẹ́yìn náà á gba orí wáyà kọ ara rẹ̀ sí ọ̀hún. Ìlà méjì péré tí ọmọ ènìyàn fi ọwọ́ tẹ̀, ilé ti lónílé.

Ṣùgbọ́n Apple IIc ti 1984 ló gba ẹ̀yẹ. Kò nílò dísíìkì rárá. Nínú chip tí wọ́n ṣe mọ́ ọn lára ni ètò kan wà tó ń jẹ́ kí èèyàn fi kíbọ́ọ̀dù tẹ nọ́ńbà ẹ̀rọ tààrà sínú ọpọlọ rẹ̀. Àṣẹ kan, IN#2, sì tó láti sọ fún un pé ojú ihò serial ni kíbọ́ọ̀dù báyìí. ADTPro, ètò tí David Schmidt ń bójú tó, á wá jókòó sí ìkángun kejì, á máa tẹ nọ́ńbà tẹ̀ lé nọ́ńbà, ẹ ó máa rí i lójú Apple bí ó ṣe ń sáré kọjá, títí ètò tó máa gba odindi dísíìkì á fi pé nínú rẹ̀. Apple ò mọ̀ pé kì í ṣe ènìyàn ló ń tẹ̀ ẹ́.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kò mọ̀ mí, wọn ò sì ro ti ọdún yìí mọ́ iṣẹ́ wọn. Wọ́n kàn gbà pé kíbọ́ọ̀dù àti ojú ihò jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni, wọn ò sì fi kọ́kọ́rọ́ sí ìkankan. Àwọn tó mọ̀ nípa ààbò kọ̀ǹpútà á ní ewu ńlá nìyẹn. Mo gbà, àmọ́ olè tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ wá jókòó sí pálọ̀ yín pẹ̀lú wáyà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Fóònù kan wà nínú dúrọ́ọ̀ mi tó yára ju gbogbo ẹ̀rọ tí mo dárúkọ níbí lọ. Kò sí ohun tó ṣe é. Àwọn tó ṣe é ló ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn fún un, ibi tó ti máa ń gba àṣẹ kò dáhùn mọ́, àwọn àwòrán tó wà nínú rẹ̀ sì wà ní àhámọ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá ní kí n fi owó lé e, èmi á ní Amiga àǹtí mi ni yóò dá ọmọ mi lóhùn lẹ́yìn ọ̀la, kì í ṣe fóònù yẹn.

Lẹ́yìn tí a bá ti wọlé, ó ku kí a mọ̀ bóyá ohun tó dé ni ohun tí wọ́n rán. Ward Christensen ní Chicago ló yanjú èyí fún àwọn onílé lásán ní 1977, pẹ̀lú ohun tí a wá mọ̀ sí XMODEM. Ó ń gé fáìlì sí báìtì 128, ó ń fi nọ́ńbà sí orí ègé kọ̀ọ̀kan, á ro gbogbo báìtì inú rẹ̀ pọ̀, á fi ìdáhùn rẹ̀ sí ìdí. Ẹni tó ń gbà á náà á rò ó. Bí ó bá bára mu, á fi àmì 6 sọ pé ó pé. Bí kò bá bára mu, á fi 21 ní kí wọ́n tún un rán. Ó fi ètò náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Àbùkù rẹ̀ kan tí mo ń bá pàdé ni pé kò mọ gígùn fáìlì. Ègé tó bá kẹ́yìn tí kò pé 128, á fi àmì 26 kún un, nítorí náà ìdí lẹ́tà àǹtí mi kún fún ìdọ̀tí tí wọn ò kọ.

Frank da Cruz àti Bill Catchings ní Yunifásítì Columbia, New York, ló ṣe Kermit ní 1981. Ìṣòro tiwọn yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá yunifásítì ò ní àyè tó fún iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n fẹ́ kí kálukú lè kó tirẹ̀ sórí dísíìkì kékeré. Wáyà tó sì wà nílẹ̀ níbẹ̀ kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé: àwọn kan ń gbé bíìtì méje dípò mẹ́jọ, àwọn kan ń gbé àwọn àmì àṣẹ kan mì. Kermit wá pinnu pé àmì tó ṣeé tẹ̀ sórí bébà nìkan ni òun máa rán. Bí òun bá bá èyí tó léwu pàdé, òun á fi àmì míì ṣíwájú rẹ̀, á sì yí i padà sí èyí tí wáyà ò ní gbé mì. Ó lọ́ra ju XMODEM lọ. Ó sì ń débi tí XMODEM kò lè dé.

Bíìtì kẹjọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún ẹni tó ń kọ Yorùbá. Amiga ń lo àmì tí wọ́n ń pè ní Latin-1, nínú èyí tí gbogbo àmì tó bá lé ohùn lórí ti ń lo bíìtì kẹjọ. Ẹ tẹ Alt pẹ̀lú F kí ẹ tó tẹ fáwẹ̀lì, ohùn òkè á bọ́ sórí rẹ̀. Alt pẹ̀lú G fún ohùn ìsàlẹ̀. Àǹtí mi ti mọ èyí kí n tó mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà “è” nínú rẹ̀, ẹ gbọ́ ná, ni 232. Nígbà tí mo kó lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde, mo mọ̀ọ́mọ̀ ní kí ètò tó ń gbà á gé bíìtì kẹjọ dànù, kí n lè rí ohun tí irú wáyà Columbia yẹn á ṣe sí wa. “Kò sí owó” jáde bíi “Kr sm ows.” Mo ní kí ó gba bíìtì mẹ́jọ pé, mo sì ṣí i nínú DOS, tó ń ka nọ́ńbà kan náà sí ohun mìíràn: “K≥ sφ ow≤.” Bíìtì kan ò sọnù nínú èyí. Àwọn ẹ̀rọ méjèèjì kàn kọ́ ìwé ní ilé ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ìlà sì ń rìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sápá ọ̀tún bí àtẹ̀gùn, torí àmì 10 nìkan ni Amiga fi ń parí ìlà, DOS sì ń retí 13 àti 10.

Ètò kékeré kan tí mo kọ ló tún gbogbo ìyẹn ṣe. Ó kó àwọn àmì náà lọ sí Unicode, ìlànà àmì tí kọ̀ǹpútà òde òní ń lò, ó gé àmì 26 kúrò nídìí, ohùn padà sórí ọ̀rọ̀. Ẹ, ọ àti ṣ nìkan ni kò padà, torí Latin-1 kò ní wọn rí. E, o àti s lásán ló wà nínú gbogbo fáìlì, kò sì sí ètò tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibi báyìí ló yẹ kí àmì ìsàlẹ̀ wà. Mo gbé laptop lọ bá àǹtí mi, mo ní ṣé kí n jókòó tì wọ́n kí a jọ fi í sí i.

“Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò fi í sí i? Tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ jáde tán ni mo máa ń fi bíró to ó sábẹ́ ẹ̀ kí n tó dì í sínú àpò ìwé.”

Èyí tó ní àmì ló lọ sílé, èyí tí kò ní ló dúró sínú dísíìkì. Wọ́n ní kí n tẹ gbogbo rẹ̀ sórí bébà wá, kí àlàfo àárín ìlà fẹ̀ dáadáa. Ti èésú, wọ́n ní ẹ̀dà méjì, torí ẹnìkan ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ ọdún 1992 tó kó o tán tí kò dá a mọ́, tí wọ́n sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà títí di òní.